Toxic Town: eruku ìlú Corby àti ẹjọ́ tó bí eré náà

Ẹ wo táyà ọkọ̀ àjàgbé tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń hú ilẹ̀. Ẹrẹ̀ há sí gbogbo kòtò ara táyà náà. Bó ṣe ń yí lọ lórí ọ̀dà ni ẹrẹ̀ ń já bọ́ ní ìṣù-ìṣù. Ìyẹn á gbẹ. Ọkọ̀ mìíràn á tẹ̀ ẹ́, òmíràn á tún un tẹ̀, yóò di lẹ́búlẹ́bú, atẹ́gùn á sì gbé e. Ó lè bà lé aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé, ó lè gba ojú fèrèsé wọlé, ó lè bá aláboyún tó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ pàdé lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ lásán ni, wọ́n á tún aṣọ fọ̀, wọ́n á nu fèrèsé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹrẹ̀ ìlú Corby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán.

Ohun tó wà nídìí Toxic Town nìyẹn, eré tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́rin tí Netflix gbé jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2025. Jack Thorne ló kọ ọ́, Minkie Spiro ló darí rẹ̀. Jodie Whittaker, Aimee Lou Wood àti Claudia Jessie ṣe àwọn ìyá mẹ́ta tí àjálù bá ọmọ wọn láti inú oyún. Rory Kinnear ṣe lọ́yà wọn. Robert Carlyle ṣe kánsẹ́lọ̀ tí ara rẹ̀ kò gba ohun tó ń rí nínú ilé ìjọba ìbílẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló sábà máa ń tẹ̀lé eré náà lẹ́nu ẹni tó bá wò ó tán. Ṣé lóòótọ́ ni? Ta ni wọ́n wá jù sẹ́wọ̀n? Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ìdáhùn sí ìkejì ni pé kò sẹ́ni kankan. Eré náà dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohun tó gbé ẹjọ́ náà dé ibi ìdáláre kì í ṣe omijé ìyá tàbí ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu lọ́yà. Táyà, ẹrẹ̀ àti aṣọ ìbòrí ọkọ̀ ni.

Ìlú tí irin tẹ̀ dó

Corby wà ní àgbègbè Northamptonshire. Abúlé ni títí di àwọn ọdún 1930, nígbà tí iléeṣẹ́ Stewarts & Lloyds gbé ìléru ńlá dé ibẹ̀ nítorí òkúta irin tó pọ̀ nínú ilẹ̀ àyíká. Òṣìṣẹ́ ṣí wá láti Scotland lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, tìyàwó tọmọ, débi pé àwọn ènìyàn sọ Corby ní Scotland Kékeré. Títí dòní, bí ọmọ Corby bá lanu sọ̀rọ̀, àlejò lè rò pé Glasgow ló ti ń bọ̀. Ibi iṣẹ́ irin ni bàbá ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ọmọ ń wò.

Lọ́dún 1980, British Steel, iléeṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ náà ti bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà yẹn, pa ìléru Corby. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa rọlẹ̀, ó tó 11,000 iṣẹ́ tó lọ, àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe nínú ìlú sì lé ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dà bó ṣe dà lẹ́yìn náà kò gbọdọ̀ fo ibí yìí kọjá. Ìlú tí ebi ń pa kì í dá ẹni tó ń gbé iṣẹ́ bọ̀ dúró pé kó kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe fẹ́ ṣe é.

Ìjọba ìbílẹ̀ Corby ra nǹkan bí ékà 680 nínú ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ náà fi sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ wó ohun tó kù, kí wọ́n palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, kí àwọn iléeṣẹ́ tuntun lè ríbi dúró sí. Èrò burúkú kọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni, nítorí eré orí tẹlifíṣọ̀n nílò ọ̀dájú kan tí ojú wa á máa wò, ó sì rọrùn kí ènìyàn gbàgbé pé àtúnṣe ni wọ́n ní àwọn ń ṣe.

Kí ló wá wà nínú ilẹ̀ náà? Ìdàrọ́ irin tó ga bí òkè. Eérú ìléru tí cadmium, chromium àti nickel, àwọn irin tó lè di májèlé, wà nínú rẹ̀. Àwọn adágún ẹrẹ̀ tí wọ́n ti ń da èérí iléeṣẹ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dioxin, kẹ́míkà olóró kan, wà níbẹ̀, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PAH náà wà níbẹ̀, àwọn tó máa ń jáde níbi tí wọ́n bá ti ń sun èédú. Níbi tí wọ́n jókòó sí lábẹ́ ilẹ̀, ewu ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ewu tó dúró sójú kan ni. Láti nǹkan bí ìdajì àwọn ọdún 1980 títí di 1997, wọ́n ń hú u, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ àjàgbé, wọ́n ń gbé e lọ dà sí ibi ìwakùsà àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Deene, ní ìhà àríwá ìlú. Ojú títì tí ará ìlú ń gbà lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ìwé ni ọkọ̀ ń gbà.

Ọkọ̀ kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìbòrí. Ẹrẹ̀ ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, táyà ń kó o jáde, ó ń gbẹ, ó ń di eruku. Àwọn ẹlẹ́rìí wá ròyìn ní kóòtù lẹ́yìn náà bí eruku ṣe máa ń bo ọkọ̀ wọn àti ojú fèrèsé wọn. Ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ènìyàn ń kùn sí i, wọ́n ń fi omi fọ̀ ọ́ dànù, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ta ló máa rò pé ohun tó ń ba aṣọ jẹ́ lè dé inú ilé ọmọ?

Ọwọ́ àwọn ọmọ

Láàárín ìparí àwọn ọdún 1980 sí 1999, a rí àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Corby àti àyíká rẹ̀ tí ọwọ́ wọn kò pé. Ọmọ kan lè ní àtàńpàkò àti ìka kékeré, kí àárín wọn ṣófo. Òmíràn, ìka kò yọ rárá. Ẹsẹ̀ ló kàn lára àwọn mìíràn. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lẹ́jọ́: kí ni mo jẹ? Oògùn wo ni mo lò? Àwọn ará Britain kò tíì gbàgbé thalidomide, oògùn aláboyún tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní 1961 lẹ́yìn tó ti ba apá àti ẹsẹ̀ ọmọ tó pọ̀ jẹ́, nítorí náà ọkàn kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ lọ sí ohun tí òun fọwọ́ ara òun gbé mì.

Ohun kan wà tí eré náà fẹ̀gbẹ́ kàn tó yẹ ká dúró tì díẹ̀. Apá àti ọwọ́ ọlẹ̀ máa ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà yẹn. Bí ohun burúkú kan bá wọ ara ìyá ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọwọ́ ni yóò kàn. Bó bá wọlé ní oṣù karùn-ún, ọwọ́ ti parí ìkọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì ní kóòtù. Lọ́yà kò kàn ní wí pé eruku wà ní Corby. Ó ní láti mọ ibi tí ìyá ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́, kó sì wò ó bóyá wọ́n ń hú ilẹ̀ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn gan-an.

Fún ọdún púpọ̀, kò sẹ́ni tó so àwọn ọmọ náà pọ̀. Ilé ìwòsàn ń rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan á bá ìyá mìíràn pàdé, yóò rí ọwọ́ ọmọ ẹnì kejì, yóò sì dákẹ́ lọ bíi pé ẹni rí òjìji ara rẹ̀. Ọdún 1999 ni ìwé ìròyìn Sunday Times gbé e jáde pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ti pọ̀ jù. Lọ́yà kan, Des Collins, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Watford, gba ẹjọ́ náà.

Àwọn aláṣẹ ètò ìlera àgbègbè náà ṣírò tiwọn, wọ́n ní iye ọmọ náà kò ju ti ibòmíràn lọ. Ẹ má yára bínú sí wọn. Bí ẹ bá fọ́n ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sílẹ̀, kò ní tẹ́ déédéé láé. Ibì kan á ṣùjọ, ibì kan á ṣófo, kò sì sẹ́ni tó tò ó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ṣe máa ń rí nínú ìlú. Ìjàngbọ̀n ibẹ̀ ni pé bí ẹ ṣe pààlà ni yóò sọ iye tí ẹ máa rí. Bí ẹ bá ka Corby mọ́ gbogbo ìlú tó yí i ká, àwọn ọmọ náà á rì sínú èrò. Bí ẹ bá ka ìlú náà nìkan, ní àwọn ọdún tí ọkọ̀ ń rìn, wọ́n á yọ síta. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà, òun náà ló sì ṣòro jù láti fi ṣeré, nítorí ènìyàn tó jókòó ti ìwé ìṣirò kò wù ẹnikẹ́ni wò.

Kóòtù àwọn kọ́lékọ́lé

Àwọn ọ̀dọ́ 18 ló jọ pe ìjọba ìbílẹ̀ Corby lẹ́jọ́. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìjọba ìbílẹ̀ náà ti fẹ́ gé ẹsẹ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀sùn kan wà fún ẹni tó bá ṣe ohun tó ń pa gbogbo ará ìlú lára. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹ̀sùn yẹn kò wà fún ẹni tó fẹ́ gba owó nítorí ìpalára ara. Lọ́dún 2008, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn kọ̀ fún wọn, ó ní kí àwọn ọmọ náà máa bá ẹ̀sùn wọn lọ. Ọjọ́ kan péré ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ máa ń gbà nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdánù rẹ̀, eré ìbá má sí.

Oṣù Kejì 2009 ni ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní London níwájú Adájọ́ Akenhead. Ẹ gbọ́ irú kóòtù tó jẹ́: Technology and Construction Court, ibi tí wọ́n ti sábà ń gbọ́ ẹjọ́ ilé tó sán, iṣẹ́ àgbàṣe tó bàjẹ́, afárá tí ẹnì kan kò kọ́ dáadáa. Ó lè dà bí ẹni pé wọ́n ṣi ilẹ̀kùn. Wọn kò ṣì í. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ju pé: ẹni tó ń darí iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí olóró, báwo ló ṣe yẹ kó ṣe é, báwo ló sì ṣe ṣe é? Kí ni ọ̀gá iṣẹ́ tó mọṣẹ́ ń ṣe sí táyà kí ọkọ̀ tó jáde? Ṣé ìmọ̀ yẹn ti wà nígbà náà? Ó ti wà. Kí wọ́n fi omi fọ táyà, kí wọ́n bo ẹrù, kí wọ́n rin ilẹ̀ tó gbẹ, kí wọ́n má kó ọkọ̀ kún. Kò sí èyí tó jẹ́ ìmọ̀ awo níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2009 ni ìdájọ́ jáde. Akenhead ní ìwà àìbìkítà ìjọba ìbílẹ̀ nínú bó ṣe darí àwọn ibi iṣẹ́ náà pọ̀ jọjọ, pé ó rú ojúṣe tí òfin gbé lé e lọ́wọ́, pé ó sì ṣe ohun tó pa ará ìlú lára. Ó gbà pé àbùkù ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ṣùjọ ní Corby láàárín 1989 sí 1999 kọjá ohun tí ènìyàn lè pè ní èèṣì lásán. Ó dá 16 nínú àwọn 18 láre. Àwọn méjì tó kéré jù kò rí tiwọn gbà. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ pé ẹjọ́ náà ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí kóòtù yóò ti so májèlé inú atẹ́gùn mọ́ àbùkù tí wọ́n bí mọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí. Ohun tí adájọ́ sọ ni pé eruku náà *lè* fa irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Kò tíì sọ pé òun ló fa ti lágbájá. Bí ẹjọ́ bá tẹ̀ síwájú, ọmọ kọ̀ọ̀kan ìbá tún padà wá, kí ó wá fi hàn pé ti òun gan-an, láti inú eruku ni. Eré náà fò ó kọjá kíá, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ibi tí ìlù ti ń dún jù kọ́ ni ènìyàn ti ń dúró ṣàlàyé òfin. Àmọ́ òun ló jẹ́ ká mọ ìdí tí òpin rẹ̀ fi rí bó ṣe rí. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2010, wọ́n bá àwọn ìdílé náà parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí: wọ́n san owó gbà-má-bínú, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n gbà pé àwọn ṣe àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe palẹ̀ ibi náà mọ́. Wọn kò kéde iye owó nígbà náà. Àwọn ìwé ìròyìn padà kọ ọ́ pé £14.6 mílíọ̀nù ni. Ìpàdé ìgbẹ́jọ́ ẹlẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó kù kò wáyé mọ́.

Ẹjọ́ láàárín ẹni tó fara pa àti ẹni tó pa á lára ni gbogbo èyí. Ìjọba kò fẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹnikẹ́ni. Ìdí tí kò fi sẹ́ni tó lọ sẹ́wọ̀n nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n lọ, tí wọ́n sì yọ́ jáde.

Ohun tí eré gbọ́dọ̀ gé kúrò

Ìdílé méjìdínlógún kò lè wọ inú wákàtí mẹ́rin. Eré náà mú ìyá mẹ́ta, ó sì ṣe é dáadáa. Ìbínú Whittaker nìkan tó ẹni wò. Ó pa ènìyàn púpọ̀ pọ̀ di ẹnì kan, ó fún ojúkòkòrò ní ojú, ó sì kó ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún sínú apá mẹ́rin.

Ibì kan wà tó ti gún mi lọ́kàn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá inú eré náà, ọmọ tirẹ̀ kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó dé ayé, nítorí inú ara ni tirẹ̀ ti bàjẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Ẹjọ́ náà kò sì lè gbé e. Kì í ṣe òǹkọ̀wé ló hùmọ̀ irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí omijé lè jáde. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni àwọn 18 náà gbé lọ sí kóòtù, nítorí nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé ohun kan ló fa ohun kan, àbùkù tó jọra ló lè dúró. Èyí tó dá yàtọ̀, bó ti wù kó dunni tó, lọ́yà ẹ̀gbẹ́ kejì á fi fọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ṣubú síta bẹ́ẹ̀ kò sí nínú iye kankan tí mo kọ sókè yìí.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà tún gbóná

Ní oṣù Kìíní 2024, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV gbé eré kan jáde lórí àwọn ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kó bá, tí wọ́n dá lẹ́bi olè láìjalè. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ fún ogún ọdún di ohun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi òfin pàtàkì yanjú kí oṣù Karùn-ún tó parí. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn Britain ti ń wo irú eré yìí bí ẹni ń wo ìwé ẹ̀sùn. Bí Toxic Town ṣe jáde, ìbéèrè tó tẹ̀lé e kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan: níbo ni ìyókù ìdọ̀tí náà wà, ta ló sì ń ṣọ́ ọ?

Ìjọba ìbílẹ̀ Corby tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò sí mọ́. Ní oṣù Kẹrin 2021 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di North Northamptonshire Council. Kì í sì í ṣe Corby nìkan. Nǹkan bí 20,000 ààtàn àtijọ́ tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀ ló wà ní England, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni ẹ dà síbẹ̀. Ìjọba tó wà lórí àlééfà ti ṣèlérí ilé mílíọ̀nù kan ààbọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ ti lò rí, dípò kí wọ́n máa fọwọ́ kan pápá oko. Ó bọ́gbọ́n mu. Òun náà ni Corby ṣe.

Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ààbò àyíká lọ́dún 1990, abala 143 inú rẹ̀ sọ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí gbogbo ènìyàn lè yẹ̀ wò, tí ilẹ̀ tó ṣeé ṣe kó ní májèlé nínú máa wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ní ilẹ̀ àti àwọn kọ́lékọ́lé pariwo pé iye owó ilẹ̀ àwọn máa já wálẹ̀. Ìjọba pa á tì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Part 2A, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England lọ́dún 2000, kìkì ilẹ̀ tí wọ́n bá sì ti fìdí ewu rẹ̀ múlẹ̀ ló ń wọ ìwé. Ìpolongo kan wà báyìí tí wọ́n ń pè ní Zane's Law, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ ọdún méje kan sọ, ẹni tó kú ní Surrey nígbà omíyalé 2014 nínú ilé tí kò jìnnà sí ààtàn àtijọ́. Kóòtù tó wádìí ikú rẹ̀ ní èéfín ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi ló pa á. Àwọn òbí rẹ̀ ní májèlé láti inú ààtàn náà ni, wọn kò sì tíì jáwọ́. Ohun tí ìpolongo náà ń béèrè fún ni kí irú ìwé inú abala 143 yẹn padà wá.

Lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀ lónìí, ẹni tó ní láti wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kàn, kó gbẹ́ ẹ wò, kó sì sọ fún ará ìlú ni ìjọba ìbílẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ máa ń fún wọn fún iṣẹ́ náà ti dáwọ́ dúró kí 2020 tó dé. Níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ bá sì ti jẹ́ ẹni tó da ìdọ̀tí náà síbẹ̀ nígbà kan rí, òun náà ni òfin ṣì ní kó wá lọ yẹ̀ ẹ́ wò.